Wàhábì àti Iyàrá Tó Gbọ́dọ̀ Dọ̀tí

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ìjàpá, kò bà lé ọba. Orí Wàhábì ará Fọlá Àgòrò ló bà lé, ọkùnrin tí àwọn onífíìmù máa ń pè kó wá sọ ilé kan di òmíràn.

Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sọ́wọ́ alágbádá nígbà náà, wọ́n sì ń ya fíìmù káàkiri Ṣómólú àti Bàrígà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù, orúkọ òṣèré lẹ máa ń pariwo. Ta ló kun ògiri? Ta ló yan àga, tó gbé ife tó sán sórí tábìlì? Kò sẹ́ni tó ń béèrè. Bẹ́ẹ̀, kí òṣèré tó la ẹnu, ògiri ti sọ̀rọ̀ tán.

Ó dun Wàhábì. Orúkọ ẹni tó se ìrẹsì fún wọn máa ń hàn níparí fíìmù, tirẹ̀ kò hàn rí. Lọ́tẹ̀ yìí, Adéníran tó ń darí fíìmù ṣèlérí pé bí iyàrá ọ̀mùtí inú eré náà bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun yóò kọ orúkọ Wàhábì gàdàgbà.

Iyàrá Ìyá Japhet ni wọ́n rí gbà, obìnrin Ìlàjẹ tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Ìmọ́tótó obìnrin náà pọ̀ débi pé adìẹ tó bá fẹ́ kọjá lójúde rẹ̀ á kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀. Kò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi iyàrá ṣe. Wàhábì wọlé, ó fi èédú ra ògiri, ó da tíì dúdú sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi òwú ṣe ilé aláǹtakùn sí kọ̀rọ̀, ó fọ́n ìgò ọtí kálẹ̀. Ó wò ó títí, inú rẹ̀ dùn, ó lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Japhet ṣílẹ̀kùn, ó káwọ́ lérí. Àlejò ń bọ̀, wọ́n tún ń gbé kámẹ́rà bọ̀, ta ni yóò gbà wọ́n sínú èyí? Ó pe àwọn aládùúgbò, wọ́n gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn. Kí àwọn onífíìmù tó dé, ògiri ti ń dán, aṣọ olódòdó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àwòrán ìgbéyàwó Ìyá Japhet sì ń rẹ́rìn-ín lókè.

Adéníran wò yíká, ó béèrè bóyá bíṣọ́ọ̀bù ni ọ̀mùtí náà. Ó ní òun ń lọ mu tíì. Bí òun bá dé tí iyàrá kò tíì dọ̀tí, òun á wá ẹlòmíràn.

Wàhábì dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Japhet.

“Ìyá ọkọ mi máa ń wo fíìmù,” ni obìnrin náà wí. “Ṣé kó wá rí ilé mi báyìí?”

“A ó yọ àwòrán yín, Ìyá Japhet. Wọn ò ní mọ̀.”

“Kí ògiri wá wà lásán? Kí wọ́n máa béèrè ta ló nilé? Ẹni tó dọ̀tí ni kó gbé àwòrán rẹ̀ kọ́. Gbé tìẹ wá.”

Ẹnu Wàhábì kò kan ọtí rí láyé. Ó wo ògiri, ó wo ọ̀nà tí Adéníran yóò gbà dé, ó gun ọ̀kadà lọ sílé. Àwòrán tó yà nígbà Iléyá, tòun ti fìlà, ló gbé kọ́. Àwọn tó fọ ògiri náà ló tún bá a kùn ún. Ibi tí Ìyá Japhet kùn gan-an dọ̀tí ju ti gbogbo wọn lọ.

Àwòrán yẹn wu Adéníran tó bẹ́ẹ̀ tó ní kí kámẹ́rà ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Fíìmù jáde. Orúkọ Wàhábì hàn gàdàgbà níparí, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti pa tẹlifíṣọ̀n. Ojú rẹ̀ ni wọ́n rí. Láti Abúlé Òkúta dé Ọbaníkòró, wọ́n ń kí i pé, “Ọ̀mùtí, ṣé ẹ ti gbálẹ̀?” Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ta lẹ rò pó ṣe ìdọ̀tí yẹn?” Ìyá Japhet gbé ẹja yíyan wá fún un. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé ilé ọkùnrin onífìlà yẹn dọ̀tí o, ọpẹ́ ni pé ọmọ òun fẹ́ ìyàwó tó mọ ilé tọ́jú.

Ó yá, ẹ dìde, ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ kí ẹ tó gun ẹní. Ẹni tó bá fi eruku sùn, àwòrán rẹ̀ la ó gbé kọ́ lọ́la.