Orúkọ Méjì Nínú Ìwé Ìfọwọ́sí

Màmá Rọra ni wọ́n ń pe agbẹ̀bí náà, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń sọ fún ẹni tó bá ń rọbí: "Rọra." Ọdún kejìlélógún rẹ̀ rèé ní ilé ìwòsàn kékeré yẹn: yàrá ìgbẹ̀bí méjì, bẹ́ńṣì kan, ẹ̀rọ omi tó ń ro tó-tó-tó. Orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

Nọ́ọ̀sì kejì, tí Màmá ń pè ní àbúrò mi, ti lọ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ó lọ tọ́jú ọkọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Kó tó lọ, ó bẹ̀bẹ̀ pé, "Màmá, ẹ bá mi máa fọwọ́ síwèé. Oṣù kan péré ni." Àánú ṣe Màmá. Láràárọ̀, á fọwọ́ sí tirẹ̀, á sì fọwọ́ sí ti àbúrò. Ẹ má bi mí bóyá ó bójú mu. Ẹni tó bá ti dá nìkan ṣiṣẹ́ rí á mọ ìdí tó fi ń ṣe é.

Nígbà tí ìjọba kéde owó ìrànwọ́ láti fi gba òṣìṣẹ́ ìlera síbi tí ọwọ́ ò bá ti tó, kí wọ́n sì lè pẹ́ níbẹ̀, Màmá ló kọ́kọ́ kọ̀wé. Ẹnì kan péré ló ń tọrọ.

Akọ̀wé ìjọba dé, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ṣí ìwé ìfọwọ́sí.

"Màmá, ọwọ́ yín pé. Ẹ̀yin méjì lẹ wà níbí."

"Ẹnì kejì ò sí níbí, ọmọ mi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ."

"Ta ló wá ń fọwọ́ sí i?"

Màmá ń wo bírò tí wọ́n fi òwú so mọ́ tábìlì. Akọ̀wé náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tí mo bá kọ ohun tẹ́ ẹ sọ, wọ́n á lé ẹ̀yin méjèèjì. Ta ló máa wá gbẹ̀bí níbí?"

Ó kọ ọ́ pé ọwọ́ pé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sàn-án gangan, obìnrin méjì rọbí lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá gba ọmọ ti yàrá àkọ́kọ́, ìyẹn ké. Láti ibẹ̀ ló ti ń pariwo sí èkejì pé, "Rọra, mò ń bọ̀." Kó tó fi orúnkún yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, okùn ìwọ́ ti wé mọ́ ọn lọ́rùn. Kò ké.

Ìyá ọmọ ò tíì sunkún. "Nígbà tí mo wọlé, orúkọ méjì ni mo rí nínú ìwé orí tábìlì," ó ní. "Ẹnì kejì ńkọ́?"

Màmá Rọra kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún.

"Èmi náà ni," ó ní. "Èmi nìkan ni."