Àwọn Bàálù Tó Wà Lájà Gáréèjì

Gọ́ọ̀mù àti ìpara gbígbóná ni gáréèjì ilé wa ní Surulere máa ń rùn. Bàbá mi ti ta ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé síbẹ̀ tipẹ́, àbúrò mi ọkùnrin sì ti sọ ibẹ̀ di tirẹ̀. Bọ́ńpà ọkọ̀ ni bàbá mi ń tà ní ọjà Ládìpọ̀, fóòmù funfun inú àwọn tó bá ti fọ́ ni wọ́n sì ń kó wálé fún un. Ọmọ náà á fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, á lẹ̀ ẹ́, á kùn ún, kí o tó ṣẹ́jú, bàálù ti dé. Bí òjò bá rọ̀ ládùúgbò wa, omi kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, ìdí nìyẹn tó fi ń so gbogbo wọn kọ́ àjà. Okùn ìpẹja tó mọ́ gaara ló ń lò, ọ̀kan nímú, ọ̀kan nírù, kí bàálù má baà dorí kodò. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ò ní rí okùn kankan, àfi bàálù tó dúró sínú afẹ́fẹ́.

Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a fínra, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń gún un dé inú egungun. Tó bá ti gbé e dé, gáréèjì náà ló máa ń ní ká gbé òun lọ, torí ooru tó ń ti ara páànù bọ̀ lọ́sàn-án máa ń tù ú lára díẹ̀. Màámi á tẹ́ ẹní sábẹ́ àwọn bàálù, wọ́n á máa fi ìpara ra á lẹ́sẹ̀, omijé á sì máa bọ́ lójú àwọn náà. Ó ń ṣe mí bíi kí n gba ìrora náà lórí rẹ̀ bí a ṣe ń gba ẹrù lórí ọmọdé, ṣùgbọ́n ta ló rí i gbà? A lo oògùn, a gbàdúrà, apá wa ò ká a. Ó wá ku ká jókòó ká máa wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó la ojú, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi mú wọn fò."

Mo mú ìgbálẹ̀ onígi gígùn tí a fi ń gbá òwú aláǹtakùn, mo fi kan ìrù bàálù kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwá-sẹ́yìn, mo bá kan òmíràn.

"Ẹ rọra jàre! Ẹ ti fẹ́ kó gbogbo èrò sínú òkun!" Ó ń payín keke, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ mi nìyẹn nígbàkigbà tí àìsàn bá dé, iṣẹ́ tí kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Mo máa ń rò ó pé orúkọ àìsàn yẹn ló tàn wá jẹ. Ẹni tó ń fi òní kú, tó ń fi ọ̀la dìde: a ti rí i tó dìde lọ́pọ̀ ìgbà débi tí a fi gbójú lé e. Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ sí ọsibítù kẹ́yìn, Màámi ò tiẹ̀ ká ẹní náà nílẹ̀. Kò padà wálé.

Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wá yí padà, àwọn àgbà ilé wa kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí, wọn kì í sì í fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ojú ìyá á ti tó o. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, bí àwọn obìnrin ṣe yí Màámi ká ní yàrá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí èmi náà ń pè ní Bàbá, kó aṣọ, bàtà àti fọ́tò ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àkàbà wọ gáréèjì, wọ́n ní kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Ọ̀bẹ ọwọ́ wọn dúró. "Ọmọ mi, tí mo bá fi ẹyọ kan sílẹ̀, ìyá rẹ á rí i."

Wọ́n ń gé bàálù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbà á sínú àpò. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi àkàbà sílẹ̀ kí n sá lọ. Ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ sọ fún àgbàlagbà tó ń sunkún lórí àkàbà?

Nígbà tí èrò ti túká tán, Màámi wọ gáréèjì lọ́sàn-án, mo sáré tẹ̀ lé wọn. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ìgbà yẹn ni mo tó rí i: ibi tí okùn ti so mọ́ bàálù ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gé e, gbogbo okùn yòókù ṣì so kọ́ àjà, wọ́n ń dán. Màámi gbójú sókè, wọ́n ń wo àwọn okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ bí mo ṣe lè mú Màámi jáde níbẹ̀.

"Ibí lo máa ń dúró sí?"

"Ibẹ̀ ni, Màámi."

Wọ́n mú ìgbálẹ̀ onígi gígùn náà ní igun, wọ́n nà án sókè. "Báyìí?"

"Ẹ rọra. Apá ibi ìrù ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn."

Àwọn okùn náà mì, kò sí nǹkan kan nídìí wọn. Àwa méjèèjì dúró, a ń wò wọ́n.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ka mímì bàálù sí iṣẹ́ ẹni tí kò rí nǹkan kan ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni lóòótọ́, kò lé ìrora, kò dá ikú dúró. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ọmọ yẹn nílò, òun nìkan ni apá mi ká, ohun tó sì bẹ̀ mí pé kí n ṣe nìyẹn. Yaba ni mo ń gbé báyìí nítorí iṣẹ́. Bí mo bá pe Màámi lọ́sàn-án, tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á ní àwọn ń gbá gáréèjì ni. Mo mọ̀ pé ìgbálẹ̀ náà kò kan ilẹ̀.