Ọjọ́ Tí Kọ́nẹ́lì Jẹ́wọ́ Ìrora

Kọ́nẹ́lì ni ọkọ mi nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, a rò pé wọ́n ṣe àṣìṣe ni. Owó orí ti bù ú jẹ, bí ipò ológun bá sì ṣe ga tó ni wọ́n ṣe ń bù ú tó. Ọkọ mi ní kò burú, òun á lọ gba iṣẹ́ alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí kan ní Humble. Láti ilé wa ní Pearland, nǹkan bíi wákàtí kan nínú mọ́tò! Ọkùnrin tó máa ń di ògiri mú kó tó lè sọ̀kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti béèrè káàkiri. Owó tí ìjọba ń san fún ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ológun, owó orí kì í dé ibẹ̀. Fífò látinú bàálù ló sì ba orúnkún rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Ó kù kí dókítà ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo fi mọ́tò gbé e lọ.

Dókítà, obìnrin òyìnbó kan, béèrè bí ara ṣe rí.

“I'm fine, ma'am. We thank God.”

Orúnkún ńkọ́?

“Very strong, in Jesus' name.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa méjèèjì nìyẹn: bí orí ń fọ́ ọ, “ara mi le” ni wàá sọ, kí àìsàn má baà rò pé o gba òun lálejò. Dókítà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dìde.

“Dádì, jọ̀ọ́, lóṣòó kí n rí i.”

“Níwájú obìnrin yìí?”

“Níwájú ẹ̀ gan-an!”

Ó lóṣòó. Kò lè dìde. Èmi àti dókítà la gbé e dìde. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: ti orúnkún, ti ẹ̀yìn, ti etí tó ń hó. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí èmi ìyàwó rẹ̀ ò gbọ́ rí.

Nígbà tí lẹ́tà ìjọba dé, wọ́n gba gbogbo rẹ̀ wọlé, wọ́n á sì máa san owó rẹ̀ láìyọ owó orí. Mo pariwo débi pé aládùúgbò yọjú. Ọkọ mi pe ilé ìkẹ́rùsí náà pé òun ò wá mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí.

“Ẹ bá mi yin Olúwa! Orúnkún mi ò dáa, ẹ̀yìn ń dùn mí, government sì ti gbà bẹ́ẹ̀!”

Gbogbo ìjọ yíjú sí Pásítọ̀. Pásítọ̀ ń wojú mi bóyá kóun ṣe Àmín. Mo fò sókè, mo ké Halelúyà, mo sì jó lọ bá ọkọ mi níwájú.