Ọjọ́ Ọjà Inú Ìwé Ìpè

Ọkùnrin kan wà ní Ṣakété tí mi ò tíì dárí jì. Àwọn èèyàn ní mo ti dàgbà, kí n jẹ́ kó lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe.

Òun ni dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé wa, nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ ní Pobẹ̀. Èmi ni mo kọ ètò àtúnṣe ilé-ìwé wa, ìwé tí ilé-ìwé fi ń jẹ́wọ́ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó àti bí yóò ṣe tún un ṣe. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, wọ́n sì gbé e ga nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé wọ́n ń jẹ orúkọ lóúnjẹ ni?" Gbogbo olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù títí dòní.

Àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tó wá ń ṣe ni pé ó ń bá àwọn ilé-ìwé kéékèèké kọ ètò àtúnṣe. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní, èyí tó kọ fún ilé-ìwé kan ní Ṣakété. Orúkọ ilé-ìwé nìkan ló ń pààrọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tí mo kọ́ níwèé rí, tó ti di ọ̀gá ilé-ìwé ní abúlé kan lápá Towé, gun ọ̀kadà sẹ̀mìjáàn wá sílé mi. Ẹ̀sípẹ́tọ̀, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé, ti kìlọ̀ fún un: bí ètò àtúnṣe rẹ̀ kò bá nítumọ̀, wọn yóò ti kíláàsì tó kẹ́yìn, kí àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe sẹtifíkà, ìdánwò àṣeparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, máa rìn wá sí Pobẹ̀.

"Wọn ò ní wá, Màdáámù. Àwọn ọmọbìnrin pàápàá. Ilé ni wọ́n máa jókòó sí."

Ó na ìwé kan sí mi. Ìwé ọkùnrin yẹn ni. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó wọ awò. Mo kà á sókè. "'A ó tún ẹnu kànga ilé-ìwé ṣe.' Ṣé ẹ ní kànga?"

"A ò ní."

"'A ó bẹ àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ kí ariwo wọn dín kù.' Ibùdókọ̀ wo ló wà lábúlé yín?"

"Màdáámù, àfi bí ewúrẹ́ bá ti ń wa mọ́tò."

Mo rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú mi. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Oògùn àìsàn Ṣakété lẹ fẹ́ fi wo àìsàn Towé. Lọ gbé ìwé ìpè tí ẹ fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ wá."

Ó gbé e wá lọ́jọ́ kejì. Ó ń ka ọjọ́ tí àwọn ọmọ kì í wá, mo ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ Ajé. Òmíràn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò dúró sójú kan. Ó ní, "Ọ̀lẹ ni wọ́n." Mo fi ọ̀sẹ̀ sílẹ̀, mo ń kà á bí ìyá mi ṣe ń ka ọjọ́, láti ọjà dé ọjà. Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́: gbogbo ọjọ́ ọjà abúlé wọn, lọ́rọọrún, ni àyè wọn ń ṣófo. Ọ̀sẹ̀ ni ìwé ìpè ń kà, ọjà ni àwọn ọmọ ń ná.

A lọ bá ìyá kan tó ń yan gàrí lábúlé náà. Mo bi í pé kí ló dé tí ọmọ rẹ̀ kì í lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ ọjà.

"Ó ń bá mi ru gàrí dé ọjà ni, màá sì ní kó máa lọ lójú ẹsẹ̀. Òun ló ń kọ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹni tó bá pẹ́, ẹ ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Ìyá, bó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa lọ?"

Ọ̀gá ilé-ìwé wolẹ̀. Èmi náà ti fi ìkúnlẹ̀ jẹ ọ̀pọ̀ ọmọ níyà ní Pobẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi òfin náà lélẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ojú ìwé kan péré la kọ. Lọ́jọ́ ọjà, ẹni tó bá pẹ́ kò ní kúnlẹ̀, yóò wọlé jókòó. Ìṣirò àti àpèkọ yóò bọ́ sí ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ọmọ bá ti dé. Ọ̀gá ilé-ìwé yóò máa ka ọjọ́ ọjà lọ́tọ̀, a ó sì wò ó lẹ́yìn ọjà mẹ́wàá. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà nísàlẹ̀. Tèmi ló tóbi.

Ọkùnrin yẹn wà ní ọ́fíìsì ẹ̀sípẹ́tọ̀ lọ́jọ́ tí a gbé e lọ. Ó sin ọ̀gá ilé-ìwé kan láti Aguidi wá. Tiwọn ni ẹ̀sípẹ́tọ̀ kọ́kọ́ kà.

"Baba, ibùdókọ̀ wo ló wà lábúlé yìí?"

Ó wúkọ́. Mo gbà á sílẹ̀. "Ẹ ní sùúrù fún wọn, ọ̀gá. Bóyá wọ́n ń kọ́ ọ bọ̀."

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi.

Ẹ̀sípẹ́tọ̀ ka tiwa lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun máa fojú ara òun rí i kí òun tó sọ ohunkóhun nípa kíláàsì náà. Lọ́jọ́ ọjà kẹwàá, lọ́sàn-án, ó dé lójijì. Àyè méjì péré ló ṣófo, ibà ló dá àwọn méjèèjì dúró sílé. Ìyẹ̀fun gàrí ṣì wà lórí àwọn ọmọbìnrin kan. Ó bi ọ̀kan nínú wọn pé bí àpò kan bá gba ogójì ìwọ̀n, mélòó ni àpò mẹ́ta ààbọ̀ yóò gbà. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́ọ̀kì, ọmọ náà ti ní, "Ogóje, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n tí ìyá mi bá ń wọ̀n ọ́n, ó máa ń lé."

Ẹ̀sípẹ́tọ̀ rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọ̀gá ilé-ìwé. "Kíláàsì yìí ò ní lọ síbì kankan."

Àwọn ọmọ ń lu tábìlì, wọ́n ń pariwo. Ọ̀gá ilé-ìwé ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì. "Nu ojú rẹ, ìṣirò ò tíì parí."