Ibojì Kan Ṣoṣo Tí Ellinor Kò Bò

Ní abúlé wa létí òkun, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jutland, tí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, a máa ń fi ẹ̀ka igi fírì, igi tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, bo ibojì àwọn èèyàn wa kí yìnyín tó dé. Ellinor Toft ló ń bá ṣọ́ọ̀ṣì ṣe é. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ọgbà tèmi àti tirẹ̀.

Títẹ́ ẹ̀ka sórí ibojì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹnikẹ́ni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣì lè tẹ̀ lè ṣe é. Ọ̀ṣọ́ tí Ellinor máa ń gbé lé e lórí ni gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án ló ti máa ń gbé agbọ̀n wọnú igbó. Á ṣa èso igi fírì tó ti gbẹ tó sì ti la ẹnu. Á ká ewé rírọ̀ tó máa ń hù bo òkúta, àti irú kan tó funfun bí ewú orí àgbàlagbà. Tó bá kúrò níbẹ̀, á gba etíkun lọ, á ṣa ìkaraun àti igi wẹ́wẹ́ tí omi ti fọ̀ títí tó fi ń dán. Nílé, á bu amọ̀ bí ìkúùkù, á máa fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún wọn mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Apẹja ló kú? Ìkaraun ló máa pọ̀ níbẹ̀. Ìyá tó fẹ́ràn ẹyẹ ni? Á wá ìyẹ́ ẹyẹ òkun kan fi há a. Tẹ́ ẹ bá kọjá, ẹ ò ní láti ka orúkọ kí ẹ tó mọ ẹni tó sùn síbẹ̀.

Villads, ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Tó bá ti rí ìyàwó rẹ̀ tó ń ti inú igbó bọ̀, á pariwo láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, “Ìyàwó mi, tó o bá kó igbó wálé tán, ibo làwọn àgbọ̀nrín máa sùn?”

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, Villads bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ellinor ló gbé kọfí jáde tó bá a níbẹ̀. Nígbà tí mo rí wọn láti ọgbà mi tí mo sáré yọ lẹ́nu géètì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e ní èjìká.

“Villads ti kú,” ló wí. “Mo gbé omi kaná. Jọ̀ọ́, bá mi pa iná yẹn.”

Bó ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, òun fúnra rẹ̀ ló ń bu kọfí fún èèyàn, tó ń gé búrẹ́dì, tó ń béèrè ẹni tí kò tíì rí ṣúgà. Kò sunkún. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo bi í léèrè.

“Ellinor, ṣé ibì kan ń dùn ọ́ tó o kò fẹ́ sọ ni?”

“Kò síbì kankan tó ń dùn mí. O mọ ìgbà tí dókítà eyín bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́, tí gbogbo ẹnu á kú? Mo ṣáà mọ̀ pé ẹnu mi ṣì wà níbẹ̀.”

Iṣẹ́ dé, ó sì ṣe é. Ibojì mọ́kànlélọ́gọ́ta ló bò lọ́dún yẹn, gbogbo wọn ló sì gba ọ̀ṣọ́ tiwọn. Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń dá iṣẹ́ ṣe, torí tó o bá kí i, á pẹ́ kó tó dáhùn. Ìgbà tó parí la tó rí i pé ibojì kan wà nítòsí ògiri àríwá tó wà lásán, iyẹ̀pẹ̀ tútù lórí rẹ̀. Ti Villads ni.

Kò pẹ́ tí Bodil fi gbọ́. Bodil ni ẹ̀gbọ́n Villads, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, obìnrin gíga tó máa ń ti ìta sọ̀rọ̀ wọlé. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mò ń bá Ellinor ká wáyà tó ṣẹ́kù, nígbà tí Bodil ti ilẹ̀kùn wọlé.

“Ìyàwó wa!” Kò tiẹ̀ kí wa. “Òkú gbogbo abúlé ti daṣọ òtútù bora, àbúrò mi nìkan ló wà níhòòhò. Kí ló dé?”

“Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n.”

“Mi ò jókòó! Ìyá Kresten tó fi gbogbo ayé ẹ̀ jà, o ṣe tiẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìyàwó tuntun. Ti Villads wá dà?”

“Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo bu amọ̀, mo gbé e síwájú, mi ò mọ ohun tó kàn.”

“Ìwọ? Ìwọ lo ò mọ̀?”

“Tí mo bá fẹ́ ṣe ti ẹlòmíì, màá bi ara mi pé irú èèyàn wo ló jẹ́. Mo bi ara mi nípa Villads, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bí ìgbà téèyàn ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan.”

Bodil jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ní òun ò ní jókòó. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń wo ìbọ̀wọ́ náà.

“Mo ti ń sọ fún èèyàn pé òkúta ló wà nínú ẹ,” ló wí.

“Mo gbọ́.”

“O gbọ́, o ò sì wá bá mi jà?”

“Okun wo ni mo fẹ́ fi jà, ẹ̀gbọ́n?”

Bodil dìde. “Ó dáa. Èmi ni màá ṣe é. Màá wá mú ọ láàárọ̀ ọ̀la, ká lọ.”

“Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tó jẹ́ pé òdòdó oníke lẹ máa ń gbé sójú fèrèsé?”

“Èmi náà ni. Ṣáà wọ bàtà ẹ dúró.”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. Òjò ti rọ̀, igbó tutù, Bodil sì ń ṣa gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà.

“Èso tó pa ẹnu dé yẹn, òjò ló mú un,” ni Ellinor wí. “Ẹ sọ ọ́ nù.”

“Òótọ́ ni. Ìgbà wo ni Villads pa ẹnu dé rí?” Bodil rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lójijì. Ó di igi mú, ó sunkún kíkankíkan, ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Ellinor gba agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró tì í títí tó fi parí. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo òjò láti inú ilé.

Nígbà tí a délé, Bodil ń gún èso mọ́ amọ̀, Ellinor ń gé wáyà fún un. Lẹ́ẹ̀kan náà ni Bodil kígbe.

“Ẹ̀jẹ̀! Ellinor, o ti ya ọwọ́ ara ẹ!”

Ellinor wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti kán sórí ewé funfun náà. “Mo ya á lóòótọ́,” ló wí, ó sì na ọwọ́ kí n bá a di í.

A fi bárò kó ohun gbogbo lọ sí itẹ́ òkú. Ellinor ló tẹ́ ẹ̀ka fúnra rẹ̀, láti apá ẹsẹ̀ lọ sókè, ọ̀kan ń gun orí èkejì, kò sí iyẹ̀pẹ̀ tó yọjú. Bodil wá gbé ọ̀ṣọ́ rẹ̀ lé e.

“Ṣé ó dúró dáadáa?”

“Kò dúró dáadáa rárá. Ó wọ́.”

“Tún un ṣe nígbà náà, ìwọ tó o mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ellinor na ọwọ́, ó sì fà á padà. “Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Mo wo ojú rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ tí mo lè sọ.

Jálẹ̀ ìgbà òtútù náà, Bodil ń wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ rẹ̀, búrẹ́dì dúdú àti ẹja. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀kan á fọ abọ́, èkejì á nù ún. Nígbà tí oṣù kẹta parí, Ellinor kó àwọn ẹ̀ka gbígbẹ kúrò lórí gbogbo ibojì, ó sì sun wọ́n lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Kò tíì sunkún, àfi tó bá jẹ́ pé ibi tí mi ò sí ló ti sun ún.

Nínú oṣù keje, wọ́n pè mí kí n wá bá wọn jẹ ọ̀dùnkún tuntun nínú ọgbà. À ń jẹun, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ellinor gé ọ̀dùnkún kan sí méjì, ó ní:

“Villads ì bá ti sọ pé iyọ̀ kò tó o.”

Ó gbójú sókè bí ẹni pé ẹlòmíì ló sọ̀rọ̀. Bodil ti iyọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ellinor wọ́n ọn sórí oúnjẹ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì tún wọ́n díẹ̀ sí i.