Oníbàárà Ọjọ́bọ̀ Tí Kì Í Bọ́ Jákẹ́ẹ̀tì

Ọwọ́ tí obìnrin yìí fi ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Yàrá kan ló gbà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Ibẹ̀ ló ti ń fi òróró lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ra àwọn tí ọrùn ń dùn àti àwọn tí èjìká wọn le bí igi. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ihò níbi ìgbójúsí, tówẹ́ẹ̀lì funfun méjìlá, àga méjì, kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń gbé fóònù, òun náà ló ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sínú ìwé.

Ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ ni kì í gbélé. Ẹni tó bá sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kó tó nu ojú tán, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ á ti bá a yanjú ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ àna, títí dé ọ̀rọ̀ ajá aládùúgbò.

Aránṣọ kan máa ń wá nítorí èjìká òsì. Lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́kún. Kò tíì sọ gbólóhùn kan délẹ̀ tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọkọ ẹ ni, àbí? Kó ẹrù ẹ kúrò níbẹ̀. Bó bá ṣe èmi ni, mi ò ní sùn síbẹ̀ lónìí."

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, aránṣọ ti kó jáde nílé ọkọ, kò sì yọjú mọ́. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ka èyí sí iṣẹ́ rere, ó sì fi fọ́nnu nípàdé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ wọn. Alága yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ máa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀."

"Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ kí ni? Ṣé adití ni mí ni?"

Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ òun lọ́nà ẹ̀bùrú. Ọjọ́ méjì tí ẹ̀kọ́ náà gbà, ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, báàgì lórí itan bí ẹni tó fẹ́ sá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n jókòó kí ojú wọn àti ti oníbàárà lè ṣe déédéé. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ń sunkún sun ún tẹ́rùn, kí wọ́n má sáré na áńkáṣífù sí i bí ẹni tó ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Kí wọ́n má sọ pé "mo mọ bó ṣe ń ṣe ọ́," torí wọn ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá ju ọwọ́ wọn lọ, kí wọ́n júwe ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbọ́, inú yàrá ni kó kú sí, àyàfi tí ewu bá wà fún ẹnikẹ́ni.

"Dídákẹ́ náà ti diṣẹ́," Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kùn sínú. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan gòkè wá. Ó ní ọrùn ń dun òun. Wọ́n ní kó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó kọ̀. Orí àga ló jókòó sí. Ó wo ìwé ẹ̀rí ara ògiri, ó wo fèrèsé, ó wá tẹjú mọ́ ìwé orúkọ tó wà níwájú àbúrò.

"Màmá, ohun téèyàn bá sọ níbí, ibo ló ń lọ?"

"Kì í lọ síbì kankan."

"Ẹ kì í gba èèyàn nímọ̀ràn?"

Ọ̀rọ̀ alága ẹgbẹ́ sọ sí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ́kàn. "Ọrùn là ń tọ́jú níbí, ọ̀gá."

Bí ọkùnrin náà ṣe jáde báyìí, àbúrò ti ilẹ̀kùn gbàgà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹgbẹ́ ló rán an wá. Ọlọ́fìn-íntótó ni. Ẹ ò rí bó ṣe ń fojú jẹ ìwé mi?"

"Mo rí i. Láti òní lọ, má fi ìwé yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì."

Ọjọ́bọ̀ kejì, ó tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbà láti dojú bolẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́là jákẹ́ẹ̀tì nìkan ló fà sẹ́yìn. Ọrùn náà le gan-an, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń rò ó bó ṣe ń ra á: ẹni tí wọ́n rán wá ṣọ́ni, ṣé ọrùn rẹ̀ á le tó báyìí?

"Obìnrin ló pọ̀ jù níbí, àbí?" Inú ihò bẹ́ẹ̀dì lohùn náà ti jáde.

"Gbogbo èèyàn ló ń wá."

"Àwọn aránṣọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé èjìká òsì máa ń dùn wọ́n."

Ọwọ́ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dúró. Ọkùnrin náà sì mọ̀ pé ó dúró. Ó dìde jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ yín ti jẹ́wọ́. Ìyàwó mi ni! Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kóun kó jáde. Ẹ mọ̀ mí rí? Ẹ ti gbọ́ tẹnu mi rí? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà!"

Àbúrò ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣẹ́jú sí i pé kó ṣe sùúrù. Èsì mẹ́rin ló sáré dé ètè rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìjà í dá sílẹ̀. Ó gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mì. Ó fa àga, ó jókòó kí ojú wọn lè ṣe déédéé, ṣùgbọ́n apá ibi tí ilẹ̀kùn wà ló jókòó sí.

"Inú ń bí yín gan-an."

"Ṣé mo wá síbí kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé inú ń bí mi ni?"

"Rárá. Mò ń gbọ́ yín."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé ọwọ́ lé itan. Nísàlẹ̀, wọ́n ń kan ìṣó mọ́ bàtà, kò kò kò. Ó pẹ́ kí ọkùnrin náà tó lanu.

"Ó gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ. Ojú ẹsẹ̀ máṣíìnì náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára kápẹ́ẹ̀tì. Mi ò lè gbá ibẹ̀. Orí ìdúró ni mo ti ń jẹun." Ó fọwọ́ méjèèjì bojú, ẹkún gbà á.

"Orí ìdúró lẹ ti ń jẹun," Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọkùnrin náà mi orí, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ó kù díẹ̀ kó sọ pé kó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ sáà sọ àdúgbò tó wà fún mi," ni ọkùnrin náà wí. "Mi ò ní bá a jà."

Ọwọ́ ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín ìka méjì, ojú kan ń wo ìwé tó wà lábẹ́ apá àbúrò. Wọ́n ní béèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sún àga rẹ̀ dí ìwé náà.

"Ọ̀gá, ẹni tó bá ń wá síbí, n kì í sọ pé ó ń wá. Ẹni tí kì í bá wá, n kì í sọ pé kì í wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ní sọ tiyín. Ohun tó ń ṣe yín ju ọrùn lọ, ó sì ju ọwọ́ mi lọ. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn." Ó fún un ní káàdì agbani-nímọ̀ràn kan tí nọ́ọ̀sì àgbà júwe fún wọn.

Ọkùnrin náà ju káàdì sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jáde. Ó dé àárín àtẹ̀gùn, ó padà, ó mú un lọ.

Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí i tó dúró ní òdìkejì títì, tó ń wo ẹnu ọ̀nà wọn. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń tún bàtà ṣe ń palẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàtà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gbà lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n délé, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ pe nọ́ọ̀sì àgbà lórí fóònù. "Ẹ̀rù ń bà mí, mà. Ojú sì ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí. Bó bá jẹ́ ìbànújẹ́ lásán ló ń ṣe é ńkọ́?"

"Ó lè jẹ́ ìbànújẹ́. Ìbànújẹ́ ò sọ pé kéwu má sí. Àṣírí kì í ṣe aṣọ téèyàn fi ń bo iná. Pe obìnrin náà, kó o sọ ìwọ̀nba tó máa ṣe é láǹfààní."

Ó pe aránṣọ. "Ẹnì kan wá béèrè ibi tó o wà. Mi ò dáhùn."

Aránṣọ béèrè pé, "Ó sunkún?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ò fèsì.

"Ó mọ ẹkún sun," ni aránṣọ wí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. "Ẹ ṣeun, Màmá. Màá sọ fáwọn tí mo wà lọ́dọ̀ wọn."

"Má bínú sí mi. Èmi ni mo lé ọ jáde nílé láìgbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ tán."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹrù mi ti wà ní dídì láti oṣù tó ṣáájú. Ìgbà tí ọkọ mi ń pariwo pé ta ló kọ́ mi, orúkọ yín ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ yín." Ó mí kanlẹ̀. "Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́."

Èyí dun Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ju kí wọ́n bú u lọ.

"Ṣé ó ṣì wù ẹ́ láti sọ ọ́?"

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀. Fóònù gbóná mọ́ ọn létí, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé e sí etí kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìmọ̀ràn dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló dá a padà.

Ọkùnrin náà ò wá lọ́jọ́bọ̀ mọ́. Bóyá ó lọ sọ́dọ̀ agbani-nímọ̀ràn, bóyá ọ̀nà mìíràn ló ń wá kiri, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Àbúrò kì í ṣílẹ̀kùn báyìí láìkọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé.