Asunwọ̀n Méjì Lábẹ́ Orúkọ Kan

Ní àwọn ọdún tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní ilé-ìwé girama kan ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, mo ní iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò rán mi. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, màá gba kafé kan lọ ní Fẹ́sítààkì, màá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, màá máa kọ orúkọ àwọn ewé wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti Yorùbá àti ti Látìn. Ibẹ̀ ni mo ti bá ẹgbẹ́ kan pàdé, àwọn èèyàn tí a kò fojú rí ara wa rí, tí à ń fi ímeèlì bára wa sọ̀rọ̀. Ìlànà kan là ń wá: àmì tí èèyàn yóò máa fi yí orúkọ ewé, ẹyẹ tàbí ẹja ká nínú ojú ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń kàwé kò ní rí àmì náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò rí i, yóò sì mọ̀ pé orúkọ ohun ẹlẹ́mìí nìyí, kì í ṣe ti ènìyàn tàbí ti ìlú.

Àlàájà tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà nísàlẹ̀ ilé wa ló ń sọ orúkọ ewé fún mi. Ìyá rẹ̀ ta àgbo ní Ìsẹ́yìn títí ó fi kú. Ọjọ́ tí a dé orí asunwọ̀n, ó mú mi lọ sẹ́yìn gọ́tà, ó fi ewé kan hàn mí tí òdòdó rẹ̀ nàró bí àbẹ́là, tó ní àwọ̀ ìyeyè.

"Tíṣà, asunwọ̀n òyìnbó nìyí. Ara là ń fi í pa, fún làpálàpá. Èyí tí à ń mu kí èèyàn lè yàgbẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Má kó wọn pọ̀ o."

"Mo ti gbọ́, mà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ wa ń kọ, orúkọ ìbílẹ̀ kan kò lè ní ju orúkọ Látìn kan lọ. Mo kọ̀wé sí wọn pé lọ́dọ̀ tiwa, ewé méjì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ọkùnrin tó máa ń darí ọ̀rọ̀ dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ ṣe èyí tó rọrùn ná. Inú mi kò dùn. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ojú ìwé mi wà lára àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tí wọn yóò máa tọ́ka sí. Mo bá kó asunwọ̀n méjèèjì sábẹ́ orúkọ Látìn kan, ti asunwọ̀n òyìnbó, mo sì kọ ìlò èyí tí à ń mu sí i, pé kí wọ́n sè é mu. Mo ní màá padà tún un ṣe. N kò padà.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, láàárọ̀ Sátidé, Àlàájà wá kanlẹ̀kùn mi gbàgbàgbà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní kafé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó wà nílé ọkọ ní Abúlé Adó, kò rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mélòó kan, ó wá lọ wá asunwọ̀n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé ẹlòmíì ló já sí, èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń kó orúkọ jọ láti ọ̀dọ̀ irú àwa. Ẹ̀rọ yẹn ti fi àwòrán asunwọ̀n òyìnbó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé kí wọ́n sè é mu. Ọmọ náà já ewé tó rí nínú àwòrán, ó sè é, ó mu ún. Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, ó sì ti wà ní ọsibítù.

"Tíṣà, wọ́n ní orúkọ ẹ ló wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ yẹn kò purọ́. Ohun tí mo kọ gan-an ló kà.

"Èmi ni, mà."

Ó wò mí títí. "Mo sọ fún ẹ," ló wí.

Mo tẹ̀ lé e lọ. Ojú ọmọ náà ti jìn wọnú, omi ń kán sí i lára. Dókítà bi í bóyá ó lóyún, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìborùn rẹ̀. Dókítà ní òun kò lè sọ bóyá oyún náà á dúró, bẹ́ẹ̀ ni òun kò lè sọ pé ewé náà nìkan ló fa àìsàn náà.

"Àǹtí," ọmọ náà sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "mo ní ẹni tó kọ ọ́ á ti mọ̀ ọ́n."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo yọ gbogbo àmì kúrò lójú ìwé mi. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ni ojú ìwé kejì, ṣùgbọ́n àwòrán náà pẹ́ níbẹ̀ kó tó kúrò. Mo ròyìn fún ẹgbẹ́ wa. Àwọn kan bá mi kẹ́dùn, ẹnì kan sì béèrè bóyá àṣìṣe ìlànà ni àbí ti ẹni tó lò ó. Wọ́n jiyàn lé e lórí fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọn kò tíì parí ìlànà náà.

Oyún náà dúró, ọmọ Àlàájà sì bí obìnrin. Àlàájà ń kí mi, ó ń tajà fún mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bi í léèrè orúkọ ewé kan tó hù lẹ́bàá ògiri, kò tilẹ̀ wò ó.

"N ò mọ̀ ọ́n," ló wí.

Mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Mo ní ó dàbọ̀, mo gòkè lọ.